Ọ̀gá Àgbà Ń Wá Nọ́ńbà Òdo

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí wò. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé níbẹ̀, tí ọjọ́ ìdápadà sì ti kọjá, ẹ yáa dìde kí ẹ lọ dá a padà kí ọ̀rọ̀ mi tó kàn yín. Ìtàn yìí kì í wojú.

Ilé ìkàwé kan wà, ilé alájà méjì tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, tí mẹ́ta nínú fèrèsé rẹ̀ kò sì ṣe é tì mọ́. Ọ̀gá Àgbà kan ló ń darí rẹ̀. Láàárọ̀, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, oyè rẹ̀ á tẹ̀ lé ikùn, òun fúnra rẹ̀ á wá dé nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ti dìde tán. Oyè mẹ́rìndínlógún ló fi fún ara rẹ̀: Olùtọ́jú Ìmọ̀, Ọ̀tá Àìmọ̀wé, Baba Gbogbo Ojú Ìwé, Àtùpà Tí Kì Í Jẹ Epo. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀, mo fẹ́ kí àyè kù fún ìtàn.

Òfin méjì ló fi lélẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó gba iṣẹ́. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èkejì, ìròyìn burúkú kò gbọ́dọ̀ dé etí rẹ̀ ní tààrà, ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ Igbákejì rẹ̀ kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ Igbákejì yìí ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, torí pé látọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìròyìn burúkú, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó lọ̀ ọ́, títí yóò fi di ìyìn. Nígbà tí òrùlé jò, tí omi ba ogójì ìwé àwọn ọmọdé jẹ́, ohun tí Bẹ́ẹ̀ni-Sà lọ wí ni pé, "Sà, ojú ọ̀run pàápàá ti wá kí wa." Ọ̀gá ní kí gbogbo ilé jáde wá pàtẹ́wọ́ fún òjò. Wọ́n pàtẹ́wọ́, nínú òjò.

Nísàlẹ̀ ilé kan náà ni Ìyá Oníkáàdì jókòó sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà nídìí dúrọ́ọ̀ káàdì. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ nínú àpò kékeré lẹ́yìn. Bí ìwé bá ń jáde, Ìyá á yọ káàdì náà, á kọ nọ́ńbà ẹni tó yá a sí i, á tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. "Ìwé lè ṣeré lọ," ló máa ń wí, "káàdì kì í kúrò nílé." Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà, káàdì kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Obìnrin kan wà tó máa ń wá bá a ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ṣùgbọ́n kò tíì di nọ́ọ̀sì. Ó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ nílé ìgbẹ̀bí ni: òun ló ń gbé omi gbígbóná, òun ló ń fọ aṣọ, òun ló ń di ọwọ́ àwọn tó ń rọbí mú. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń di ọwọ́ mú, ó wá fẹ́ kí òun náà di agbẹ̀bí tí yóò máa gba ọmọ. Ó ti ṣe ìdánwò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò yege. Ẹ̀kẹta ló kù, òun sì ni ìkẹyìn tí ìjọba gbà láàyè. Inú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń yọ ìbéèrè, ìwé pupa kan tó nípọn, tí wọn kò tẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan ló wà ní gbogbo ìlú, ilé ìkàwé yìí ló sì ni ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé, ọmọ mi."

"Mà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Ọwọ́ ta ló wà? Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ̀ ẹ́ nílé."

Ìyá Oníkáàdì wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Nọ́ńbà Òdo ló yá a."

"Òdo kẹ̀? Ṣé ẹnì kan ń jẹ́ Òdo ni?"

"Ọmọ mi, má bi mí mọ́. Ó ku oṣù mẹ́jọ kí n fẹ̀yìn tì."

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi kò ní í fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí Ọ̀gá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, àwọn àlejò fẹ́ wá kí i kú oríire nílé. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ńlá kan wà ní pálọ̀ rẹ̀, ife mẹ́fà péré ló sì wà nínú rẹ̀. Ó rán dírẹ́bà lọ sí ilé ìkàwé: "Kó ìwé wá. Kí ó nípọn, kí ó jẹ́ pupa, kí ó bá kọ́tìnnì mu." Dírẹ́bà kó igba ìwé ó lé mẹ́ta. Ìyá Oníkáàdì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bó jẹ́ ọba ló rán an, ìwé kò ní í jáde láìsí káàdì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ wá. "Ó dáa, fún mi ní nọ́ńbà kìíní." Ìyá ní tíṣà àgbà kan ló ni nọ́ńbà kìíní láti ogún ọdún. "Kí ló ṣáájú ọ̀kan?" ni Ọ̀gá bi í. Ìyá ní, "Òdo ni, sà." Ọ̀gá ní, "Òdo ni kí o kọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣáájú mi." Láàárín oṣù kan, ó ti gbàgbé pátápátá. Ẹni tó ní oyè mẹ́rìndínlógún láti rántí, níbo ló ti fẹ́ ráyè fún nọ́ńbà kan?

Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu yín báyìí. Ẹ gbé e mì ná.

Lọ́jọ́ yẹn, Nọ́ọ̀sì kò lọ sílé. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ṣílẹ̀kùn Ọ̀gá Àgbà láìpàtẹ́wọ́ kankan, ó sì kúnlẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ di ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sáré pàtẹ́wọ́ mẹ́ta náà fún un kí ọ̀run má bàa ya.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Nọ́ọ̀sì wí, "ẹnì kan tó ń jẹ́ Nọ́ńbà Òdo ti gbé ìwé mi sílé láti ọdún mẹ́fà. Bí n kò bá rí i kà, ìgbésí ayé mi á parí sídìí omi gbígbóná."

Ọ̀gá dìde. Ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí ṣòkòtò bá ti gòkè, ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

"Arábìnrin," ló wí, "o ti fi ọwọ́ kan ojú egbò àwùjọ wa! Ta ni Òdo yìí? Irú ọkàn wo ló wà ní àyà rẹ̀? Ṣé ẹ̀dá abẹ̀mí lè jókòó lé ìmọ̀ lórí, kí ìdí rẹ̀ máa gbádùn, kí ọmọ ẹlòmíràn máa sunkún? Èmi, Olùtọ́jú Ìmọ̀, Ọ̀tá Àìmọ̀wé, mo sọ fún ọ lónìí: ibi yòówù kí Òdo sá sí, màá wá a rí! Bó wà lábẹ́ ilẹ̀, màá wú u! Bó wà lókè, màá gbọ̀n ọ́n jábọ́!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ ní tòótọ́.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀kan lóòjọ́, fún ọjọ́ méje. Èkíní fi ìfẹ́ kí Òdo. Ẹ̀kẹta ti ń pè é ní ọ̀lẹ. Èkeje pè é ní jẹgúdújẹrá tó ń fi ìwé ṣe ìrọ̀rí. Ìránṣẹ́ ilé ìkàwé wo àdírẹ́sì nínú rẹ́jísítà, ó rí i pé ilé Ọ̀gá ni, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó sì gbé lẹ́tà lọ síbẹ̀. Kí ló kàn án? Òfin wà.

Nílé Ọ̀gá náà, òfin wà. Lẹ́tà tí oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún kò bá pé lára rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ ṣí i.

"Dádì, lẹ́tà mìíràn tún ti wá láti ibi iṣẹ́ yín o," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ṣé oyè mi pé lára rẹ̀?"

"Oyè kankan ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà Òdo ni wọ́n kọ sí i."

"Ṣé èmi ni mò ń jẹ́ Òdo? Sọ ọ́ sí ibi tí àwọn tó kù wà."

Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ sínú páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá dé ibi iṣẹ́, ó na tábìlì. "Ọjọ́ méje! Kò fèsì ẹyọ kan! Irú ojú líle wo nìyí?" Ìbínú ń gùn ún, ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ìbọ̀wọ̀ díẹ̀ fún Nọ́ńbà Òdo náà ti ń yọ́ wọ inú rẹ̀.

Gbogbo ilé iṣẹ́ ti mọ̀, àfi ẹni tó yẹ kó mọ̀. Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí Ìyá Oníkáàdì jẹun dáadáa mọ́. Ó ronú títí, ó ní oṣù mẹ́jọ tó kù kí òun fẹ̀yìn tì kò tó ohun tí òun á torí rẹ̀ ta ọmọ ọlọ́mọ. Ó kọ ọ́ sínú bébà: "Sà, ẹ̀yin ni Nọ́ńbà Òdo. Ìwé náà wà ní pálọ̀ yín." Ó fi rán Bẹ́ẹ̀ni-Sà.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà kà á lórí àtẹ̀gùn. Ó tún un kà bóyá yóò yí padà. Níkẹyìn ó wọlé, ó pàtẹ́wọ́ mẹ́ta, òógùn sì bò ó.

"Kí ni Ìyá Oníkáàdì kọ?" ni Ọ̀gá bi í.

"Sà... ó ní... ó ní kò sí ẹni tó ṣáájú yín, sà."

"Obìnrin yẹn lóye," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ bá mi fi bébà yẹn sínú férémù."

Nígbà tí lẹ́tà kò ṣiṣẹ́, Ọ̀gá ṣe Òfin Ilẹ̀kùn. Òun nìkan ló jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán, akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti dá ìwé padà, wọ́n á lọ yọ ilẹ̀kùn iwájú ilé rẹ̀ gbé wá sí ilé ìkàwé. "Torí pé," ni Ọ̀gá wí, "ẹni tó ti ìmọ̀ mọ́lé, ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe máa ti ara rẹ̀ mọ́lé!" Bó bá sì wá tọrọ ilẹ̀kùn náà, wọn kò gbọ́dọ̀ fún un. Ilẹ̀kùn ti di ohun ìní ilé ìkàwé títí láé. Bó bá fẹ́ ẹ, kí ó wá yá a bí a ṣe ń yá ìwé, fún ọ̀sẹ̀ méjì méjì, pẹ̀lú káàdì. Bẹ́ẹ̀ni-Sà pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìkàwé, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò fún ẹlòmíràn, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ọ̀gá gbẹ́ ẹ jìn, ó tún fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ.

Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Lọ́rì kan gbéra láti ilé ìkàwé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Dírẹ́bà rẹ̀ tuntun ni, kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Káfíńtà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú sukudíráfà àti òòlù. Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbé fóònù dání. Ìyá Oníkáàdì gbé igba káàdì ó lé mẹ́ta sórí itan. Nọ́ọ̀sì náà wọ lọ́rì, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù fún un.

Ọ̀gá kò bá wọn lọ. Ó ti pe Alága wá sí pálọ̀ rẹ̀ kí wọ́n jọ máa gbọ́ bí ìṣẹ́gun ṣe ń lọ lórí fóònù. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, àga ńlá kan tó ga ju gbogbo àga yòókù lọ. Alága jókòó nísàlẹ̀, orí rẹ̀ kò ju orúnkún Ọ̀gá lọ. Bí Ọ̀gá ṣe fẹ́ kí orí àlejò máa wà nìyẹn.

Fóònù dún. Ọ̀gá ṣí ohùn rẹ̀ síta kí Alága lè gbọ́.

"Sà, a ti dé ibẹ̀," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Ó dára! Báwo ni ilé náà ṣe rí?"

"Ilé ńlá ni, sà. Ó dà bí ilé ẹni pàtàkì."

"Ẹ má wo ojú pàtàkì!"

"Géètì rẹ̀ pupa ni, sà."

"Èmi náà ní géètì pupa! Ṣé ìyẹn ní kí n má dá ìwé padà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, Bẹ́ẹ̀ni-Sà mọ ilé náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ó la ẹnu fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá rí láyé, kò mọ bí ahọ́n ṣe ń gbé e.

"Sà... ṣé ká yọ ọ́?"

"Ẹ yọ ọ́!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Gbà! Gbà! Gbà! Àwòrán Ọ̀gá tó wà lára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Alága, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!" ni Ọ̀gá wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ wo bí ohùn fóònù yìí ṣe já gaara tó! Àfi bíi pé a wà níbẹ̀!"

Alága ti yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fi agbára sí i!" ni Ọ̀gá ń pariwo sínú fóònù. "Kí Òdo gbọ́ ọ nínú eegun rẹ̀!"

Ilẹ̀kùn pálọ̀ ya kúrò lára férémù. Oòrùn wọlé. Káfíńtà ló dúró síbẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ra bí ẹni gbá ìyàwó mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ni-Sà wà lẹ́yìn rẹ̀, fóònù ṣì wà létí rẹ̀.

"Sà," ló wí sínú fóònù, ó sì tún dún lórí tábìlì Ọ̀gá, "a ti yọ ọ́."

Ìyàwó Ọ̀gá jáde láti inú ilé, ó wo ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, ó padà wọlé, ó gbé páálí lẹ́tà wá, ó sì gbé e sórí itan Alága. "Mà, mo sọ fún wọn o," ló wí. "Wọ́n ní àwọn kì í ṣe Òdo."

Ìyá Oníkáàdì kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó kúnlẹ̀ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó ń fi káàdì wá ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Eruku ọdún mẹ́fà ń bù jáde. Ìwé nípa oyin sínsìn wà níbẹ̀, ìwé nípa odò, ìwé òfin, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wọn. Ó kà á dé igba ó dín ẹyọ kan, kọ́bọ́ọ̀dù sì ṣófo. Káàdì mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ti agbẹ̀bí wà nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì rí nǹkan pupa. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni àga Ọ̀gá ní. Ìwé pupa kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, níbi tí ìwé agbẹ̀bí wà lábẹ́ ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀."

Bí Ọ̀gá bá ti dìde ni, bóyá ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, ìtìjú àwọn ènìyàn báwọ̀nyí sì máa ń di ìgbéraga lójú ẹsẹ̀.

"Èmi? Kí n dìde? Fún ẹni tó ń gbé omi gbígbóná?" Ó wúkọ́. "Orin orílẹ̀-èdè nìkan ni mò ń dìde fún!"

Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń ran àwọn tó ń fa ohun tó há lọ́wọ́. Ó di ẹ̀yìn ìwé náà mú, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó mí sínú, ó sì fà á.

Ìwé jáde. Àga yí sẹ́yìn. Ọ̀gá Àgbà, Olùtọ́jú Ìmọ̀, Baba Gbogbo Ojú Ìwé, gbéra láti ibi gíga rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lókè, ó sì fi ẹ̀yìn balẹ̀ gbìì. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀gá wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀nà àbáwọlé wà, ilẹ̀kùn kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo àdúgbò ló dúró sójú títì tí wọ́n ń wò ó. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, torí wọ́n ti gbọ́ pé òfin ni.

Alága dìde, ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Òfin yín dára, sà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́." Ó bá wọn tẹ̀ lé ilẹ̀kùn náà wọ lọ́rì.

Lẹ́tà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dé ní ọjọ́ Ajé. Ìránṣẹ́ kò kanlẹ̀kùn, kí ló fẹ́ kàn? Oyè kankan kò sí lára lẹ́tà náà. Ìyàwó rẹ̀ ṣí i. Ní ọjọ́ náà gan-an, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti ń wí lókè ilé ìkàwé pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìwé agbẹ̀bí náà kò sùn sí ilé ìkàwé rárá. Nínú lọ́rì ni Ìyá Oníkáàdì ti fi òǹtẹ̀ lù ú fún Nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ àga ti dá ihò róbótó sí i láti èèpo dé ojú ìwé ọgọ́rin, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì ti fọ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń fi orí ìka kàn wọ́n títí ó fi mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi kà á, lójú iná ìdáná omi gbígbóná, láàárín ìrọbí kan sí èkejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Nọ́ọ̀sì dá ìwé rẹ̀ padà ní ọjọ́ tó yẹ gan-an, ó fi aṣọ mímọ́ wé e. Ìdánwò ti parí, èsì kò tíì jáde, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè mẹ́ta wá láti ojú ìwé oníhò. Ìyá Oníkáàdì di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí káńtà, kò sì tètè jù ú sílẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà gùn. Ọmọléèwé kan, tíṣà àgbà tó ni nọ́ńbà kìíní, àti ọkùnrin kan tó gbé ilẹ̀kùn rù. Òógùn ń ṣàn ní ojú rẹ̀. Àpò kékeré wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, káàdì rẹ̀ sì wà nínú dúrọ́ọ̀, nọ́ńbà tuntun lára rẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé méjì. Nígbà tó kàn án, ó gbé ilẹ̀kùn ti káńtà. Ó nà tán bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ṣòkòtò láti fà á sókè, ó sì rántí, ó jù ú sílẹ̀.

Ìyá Oníkáàdì yọ káàdì, ó wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀: ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé. Ó gbójú sókè pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀, bó ṣe ń ṣe sí gbogbo ẹni tó bá wá síwájú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti lò ó tán, sà, àbí ẹ tún fẹ́ yá a?"

Ọ̀gá wo ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló wí, "ẹ bá mi fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un."